Ọ́fíìsì Tí Bàbá Lẹ́tà Fi Ọjọ́ Mẹ́ta Wá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Àwọn kan nínú yín á ní ọgbọ́n ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, pé bí ibí ò bá gbà, kéèyàn gba ọ̀hún. Ìyẹn náà ò burú. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ò rò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ẹ ní kó ní sùúrù, kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Ìlú Ìtẹ̀sí ló ti ṣẹlẹ̀. Orí òkè ni ìdajì ìlú náà wà, ìdajì tó kù wà ní ìsàlẹ̀, ọjà wọn sì wà láàárín. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Láyíwọlá, ṣùgbọ́n Bàbá Lẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sọ ẹyọ kan nù. Ẹ rántí pé nígbà yẹn ilé ò ní nọ́ńbà, títì ò lórúkọ. Ẹlòmíì á kàn kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà pé, "Kó dé ọwọ́ Ìyá Rúkà, ẹ̀bá igi ọsàn." Igi ọsàn mọ́kàndínlógún ló wà nílùú, Ìyá Rúkà sì jẹ́ mẹ́ta. Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì gbé lẹ́tà náà dé ọwọ́ Ìyá Rúkà tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní Òkè-Àgbède, àdúgbò Bàbá Lẹ́tà, ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan wà tí káńsù kọ́ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, lọ́dún tí wọ́n kọ́ afárá ìlú. Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká ló ń mójú tó o. Lọ́jọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà dé láti Kàdúná. Kékeré ni wọ́n ti mú un kúrò ní Ìtẹ̀sí, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kó tó padà wálé wá jókòó. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ti sọ fún un pé orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ilé ìgbẹ̀bí náà wà, pé wọ́n kàn yá káńsù ni. Bámgbálà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Ló bá pe bíríkìlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri búlọ́ọ̀kù dí ojú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí.

Ọ̀nà ẹ̀yìn, tó gba inú oko gbágùúdá kọjá, nìkan ló kù. Lọ́sẹ̀ tí ògiri yẹn ga dé ìbàdí èèyàn, ìyàwó Sùbérù tó ń rọbí ò lè fi ẹsẹ̀ la poro ebè kọjá. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló bímọ sí, lórí yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Tìyá tọmọ yè é, àmọ́ Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká ò fi ṣeré. Ó sọ fún àwọn àgbà àdúgbò pé, "Ẹni tó kàn lè má bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Ni wọ́n bá kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ìjọba ìbílẹ̀, Bámgbálà náà sì tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé yìí ò tíì pé oṣù méjì nílùú. Ó gbọ́ tibí, ó gbọ́ tọ̀hún, ó ní:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò ní wọ́n fi ilẹ̀ náà tọrẹ ni. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà sì ní wọ́n yá káńsù ni. Ìwé ló máa là á. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi tọrẹ lóòótọ́, á wà nínú ìwé ìpàdé káńsù. Ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kẹ́ ẹ mú un wá kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá rí i, mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi dá Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà dúró."

"Níbo la ti máa gbà á, sà?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀," ni akọ̀wé wí, ó sì wọnú mọ́tò lọ. Kò sọ ibi tó wà. Ká sòótọ́, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Lẹ́tà dìde. "Ẹ fi lé mi lọ́wọ́," ó ní. "Ẹni tó rí Ìyá Rúkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ́fíìsì ni kò ní rí? Èèyàn lè kó kúrò nílé. Ọ́fíìsì kì í rìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé fáìlì búlúù kan sábíyá, ó gun kẹ̀kẹ́, ó di sẹkitéríàtì. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sídìí tábìlì ní àbáwọlé gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ fún un ní àga. "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ló ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ lọ sí Òkè-Àáyá." Bàbá dúpẹ́, ó gba ìdí àwọn alátòmátò la inú ọjà kọjá, ó sì ti kẹ̀kẹ́ gun òkè.

Àwọn tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Bàbá, títì àti gọ́tà ni tiwa," ni ọ̀gá wọn wí. "Ilé ìgbẹ̀bí lẹ ń sọ, àbí? Ẹ̀ka ìlera nìyẹn, ní Ìsàlẹ̀-Odò." Bí Bàbá ṣe fẹ́ máa lọ, ọ̀gá náà pè é padà. "Àbí ẹ̀yin kọ́ ni Bàbá Lẹ́tà tó ń gbé lẹ́tà wá fún ìyá mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan wọ̀nyí jíṣẹ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ní ẹ̀ka ìlera. Ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè rẹ̀."

Tépù gbọọrọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ni, pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jíṣẹ́ kò lè sọ pé òun ò jíṣẹ́. Bàbá so agolo mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé tépù kọ́ èjìká, ó gba ìdí àwọn oníkòkò la inú ọjà padà. Obìnrin kan kí i, ó wo tépù, ó wo ọ̀dà, kò sì parí ìkíni náà.

Nígbà tó dé Ìsàlẹ̀-Odò, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Ó padà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ti lọ fún ìsinmi, pé ẹlòmíì ò lè gba ẹrù lórúkọ rẹ̀. Ní ti ìwé, obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé ńlá méjì fún Bàbá wò. "Ọmọ tí wọ́n bí la ń kọ sílẹ̀ níbí, Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni, mo lè sọ ọ́. A kì í kọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ẹ lọ béèrè ní kóòtù ìbílẹ̀." Ó wá rí i pé oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la orí Bàbá sí méjì. Àánú ṣe é. Ó mú fìlà kákí kan lára ìṣó, ó fi dé Bàbá lórí. Fìlà wolé-wolé ni.

Bàbá gba ìdí àwọn alápatà wọnú ọjà. Ẹ bá mi wò ó. Fìlà wolé-wolé wà lórí, tépù wà léjìká, ọ̀dà pupa ń mì lára kẹ̀kẹ́, fáìlì ìjọba wà lábíyá. Alápatà kan rọra fi ewé bo ẹran rẹ̀. Èkejì tiẹ̀ gbé ẹran sábẹ́ tábìlì, ó wá jókòó sórí tábìlì bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Bàbá kí gbogbo wọn, "Ẹ kú ọjà o." Wọ́n dá a lóhùn, àmọ́ ohùn wọn ò jáde dáadáa.

Ní kóòtù, akọ̀wé ibẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo. "Bàbá, nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n jà?"

"Wọn ò jà. Wọ́n fi tọrẹ ni."

Akọ̀wé náà mi orí. "Ó mà ṣe o. Ìjà la ń kọ sílẹ̀ níbí. Ká ní wọ́n jà díẹ̀ ni, ǹ bá rí i fún yín lójú ẹsẹ̀." Ó ronú títí. "Ìwé àtijọ́, mo rò pé ilé ìkàwé ni wọ́n kó wọn lọ. Lórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká wá béèrè ibi tí nǹkan dé. Bàbá kó ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná. Ó ní nǹkan ti sún mọ́. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó kàn bá a da omi mìíì sí i. Kó tó lọ, ó ní aboyún méjì ló ń retí lọ́sẹ̀ yẹn, ìbejì sì ni ọ̀kan nínú wọn lóyún rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Bàbá ti kẹ̀kẹ́ gba ìdí àwọn aláta lọ sórí òkè. Ìgbà kẹrin nìyẹn tó ń la inú ọjà kọjá, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ilé ìkàwé wà ní títì pa. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Ìwé káńsù kankan ò dé ibí rí, Bàbá. Sẹkitéríàtì ni kẹ́ ẹ ti lọ béèrè." Bàbá wo ìsàlẹ̀ òkè, ó rí òrùlé sẹkitéríàtì, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Ibi tó dé àárín ọjà, ní iwájú àwọn oní-ìgbálẹ̀, ni orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ó ní kóun sinmi díẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti òpó ṣọ́ọ̀bù kan, kẹ̀kẹ́ sì yọ̀. Tépù já bọ́ léjìká rẹ̀, ó tú jáde, ó yí gbirigbiri kọjá níwájú ìsọ̀ mẹ́fà. Ọmọrí agolo ṣí, ọ̀dà pupa sì ta sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníkòkò tó wà nítòsí, ó fa ìlà méjì wálẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀dà pupa túmọ̀ sí lára ilẹ̀kùn. Ilé tí ìjọba bá fẹ́ wó ni wọ́n ń kùn ní ọ̀dà pupa. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ọkùnrin kan ń gba ọ̀nà gbogbo wọ ọjà, pé ó ń wọn ọ́n. Àwọn tó mọ̀ pé Bàbá Lẹ́tà ni ní káńsù ti gbà á síṣẹ́ wolé-wolé. Àwọn kan tiẹ̀ ti kó ọjà wọn lọ sílé. Ìyá Oníkòkò, tó jẹ́ olórí wọn, dìde, obìnrin bí ogún sì dìde tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn," ó ní. "Kí lẹ ń wá nínú ọjà wa láti ọjọ́ mẹ́ta?"

"Ìyá mi, ìwé ni mò ń wá."

"Ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi wó wa."

"Rárá o. Ìwé ilé ìgbẹ̀bí ni."

Ìyá Oníkòkò yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ ti gbọ́ báyìí. Wọ́n fẹ́ wó ọjà kọ́ ilé ìgbẹ̀bí."

Bàbá ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé wolé-wolé? Obìnrin mẹ́rin di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, méjì gbé kẹ̀kẹ́, ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà bí ẹ̀rí. Ìyá Oníkòkò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti dàgbà. "Òṣìṣẹ́ káńsù kan wà nínú ọjà níbí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá a. Òun ni yóò sọ ẹni tó rán an fún wa."

Wọn ò rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Wọ́n ká ìgbálẹ̀ tí wọ́n kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù kan kúrò, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Inú ṣọ́ọ̀bù náà kún fún ìwé láti ilẹ̀ dé àjà. Obìnrin kan tó wọ awò ojú jókòó láàárín wọn, ó ń fi bíróòṣì gbọn eruku ara ìwé kan. Ìyáàfin Arínọlá ni orúkọ rẹ̀.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ rán wolé-wolé yìí wá wọn ọjà?"

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá, kí lẹ ń wá?"

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí débi tí ó ti há a sórí. Ó sọ ọ́ tán láì mí. "Ìwé ìpàdé káńsù ọdún tí wọ́n kọ́ afárá, níbi tí wọ́n ti kọ ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Àgbède sí, kẹ́ ẹ fún mi ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé kì í ṣe ibí, ẹ sọ ibi tí mo máa lọ."

Ìyáàfin Arínọlá yọ awò ojú rẹ̀. "Ibí ni," ó ní.

Bàbá Lẹ́tà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Òjò ọdún méjì sẹ́yìn ló ṣí òrùlé yàrá ìwé ní sẹkitéríàtì. Kò sí ibòmíràn tí páànù rẹ̀ ò jò lára gbogbo ilé tí káńsù ní, àfi ṣọ́ọ̀bù inú ọjà yìí. Ìyáàfin Arínọlá fúnra rẹ̀ ló ru ìwé náà wá lórí, ẹrù kan lẹ́yìn èkejì. "Mo kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹ̀ka pé mo ti kó wá síbí," ó ní. "Àmọ́ ọdún méjì rèé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá béèrè ìwé. Àwọn tó kù tó ń wọlé, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi."

"Ṣé àwọn lẹ́tà yẹn dé?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún wọn."

Bàbá ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rò pé bí lẹ́tà bá ti dé, iṣẹ́ ti parí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣí i."

Ìtìjú mú àwọn obìnrin. Wọ́n wá omi tútù fún Bàbá, wọ́n gbé àpótí wá, wọ́n nu ọ̀dà kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Oníkòkò tún gbọ́ orúkọ Òkè-Àgbède, ó ní, "Ẹ dúró ná. Ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni wọ́n bí mi sí." Òmíràn ní òun náà ni. Ó jọ pé ìdajì ọjà ni wọ́n bí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sídìí ọjà rẹ̀ mọ́.

Ìyáàfin Arínọlá fún Bàbá ní ìwé pélébé kan pé kó kọ ohun tó fẹ́, orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé síbẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òfin fọwọ́ sí i, kò nílò kó bẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló gun àkàbà. Ìwé kẹta tó gbé sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Omi ti jẹ apá kan, àmọ́ ojú ewé yẹn ṣì ṣeé kà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ibi òǹtẹ̀ ló ti wá kù sí. Yíǹkì òǹtẹ̀ ti gbẹ láti ọdún méjì tẹ́nikẹ́ni ò ti lò ó. Wọ́n wo ara wọn lójú. Obìnrin tó gbé ẹ̀rí dání rọra gbé agolo síwájú, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa lu òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá, gbogbo wọn pé sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé wo òǹtẹ̀ pupa yẹn títí, ó wá kà á sókè:

"Jọ́ọ̀jì Bámgbálà, àgbẹ̀, fi ilẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Àgbède tọrẹ fún káńsù títí láé, fún ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní inú oko ni ìyàwó òun ti rọbí, ó sì kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó bí yè. Ó ní òun ò fẹ́ kó ṣe aya ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀wé kọ, ó tẹ̀ka."

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbálà ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó yọ áńkáṣíìfù kan lápò, ó fi nu ojú. "Èmi ni ọmọ yẹn," ó ní. "Wọn ò sọ ibi tí wọ́n bí mi sí fún mi rí." Ó bi Ìyáàfin Arínọlá bóyá òun lè rí ojú ibi tí bàbá òun tẹ̀ka sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn bíríkìlà tó mọ ògiri náà ló padà lọ wó o, òun fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn kó búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ojú ọ̀nà náà ni ìyá ìbejì gbà wọlé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ́fíìsì akọ̀wé, torí ibẹ̀ ni òwe wà. Akọ̀wé ní ojú ti òun, pé kò yẹ kí ará ìlú tún jẹ irú ìyà yìí. Ó mú bírò. "Bàbá, mo fẹ́ ṣe pátákó kan sí àbáwọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lèèyàn máa gbà dé ọ́fíìsì inú ọjà yẹn?"

Bàbá Lẹ́tà na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú, ó wò ó.

"Akọ̀wé, bí ẹ bá gba ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ẹ máa dé ọjà. Bí ẹ bá gba ẹ̀ka ìlera, ọjà náà ni. Mo gba kóòtù, mo bá ara mi lọ́jà. Mo gba ilé ìkàwé, ọjà. Ọ̀nà tó yá jù ni pé kí obìnrin mẹ́rin fi ìbàdí ṣòkòtò gbé yín lọ, àmọ́ ìyẹn ò ṣeé kọ sára pátákó. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Akọ̀wé, tó jẹ́ ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì padà, kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Àwọn àlejò tó ń kà á máa ń mi orí, wọ́n á ní ọgbọ́n àgbà nìyí, wọ́n á sì mú un lọ sílé lọ fi kọ́ ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọ́fíìsì ni wọ́n ń júwe. Báyìí ló ṣe di pé gbogbo wa ń sọ ọ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.